Fódà Ọdún 2017 Kò Ṣí

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni Màmá Òkè-Àdó pè mí. Ohùn wọn ti há. "Fọ́tò, Bàbá ti fi wá sílẹ̀ o." Kí n tó kó ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn jọ, wọ́n ti bọ́ sórí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè: ṣé mo ṣì ní àwọn fọ́tò tí mo yà níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin lọ́dún 2017? Èyí tí Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n fẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni ẹni tó máa tẹ báńà àti ìwé ètò ìsìnkú máa gbà á.

Mo ní, "Ó wà ńlẹ̀, Mà. Ẹ má ṣèyọnu." Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí èmi kì í pa fọ́tò rẹ́. Gbogbo òde tí mo ti yà láti ọjọ́ tí mo ti gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ló wà nínú díìsì dúdú kan tó ń gbé nínú dúrọ́ọ̀, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fódà tiẹ̀.

Mo so díìsì mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣí áàpù tí mo fi ń to fọ́tò, mo tẹ 2017. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: 4,000, 9,000, 15,000. Àwọn fọ́tò kéékèèké ń yọjú lẹ́yọ lẹ́yọ bí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó lé díẹ̀ ní 21,000, ó dúró. Ojú wíńdò náà ràn funfun, ó kọ Not Responding sókè. Iná kékeré ara díìsì ń ṣẹ́jú láìsinmi. Mo lọ wẹ̀, mo jẹun, mo padà dé. Bákan náà. Mo pa á, mo tún un ṣí. Lọ́tẹ̀ yìí, 24,000 ló ti dákú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 19,000. Ká ní ibì kan náà ló ti ń dúró ni, mi ò bá ti fura nígbà yẹn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ áàpù náà. Ẹ̀bi kì í kúkú ṣe tiẹ̀ nìkan, ẹ ó sì rí ìdí ẹ̀ bó bá yá.

Fọ́tò tó wà nínú fódà yẹn lé ní 38,000, gbogbo rẹ̀ lójú kan, láìsí fódà kékeré kankan nínú ẹ̀. Ẹni tí kì í bá ya òde lè rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Ẹ gbé Sátidé 40 wò, kí ẹ fi 900 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti sún mọ́ ọn nìyẹn. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, fíìmù 36 ni ọ̀gá mi máa ń kì bọ kámẹ́rà, gbogbo ìgbà tó bá sì dún "kà" ni owó ń jáde lápò. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa lọ́dún 1968, nǹkan bí 1,000 fọ́tò irun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ayé, ayé sì ń wò ó títí dòní. Èmi ń ya 900 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó la ẹnu sí ẹran ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Àwọn tí mo pè fún ìrànlọ́wọ́, ohùn kan ni wọ́n fi dá mi lóhùn: ó ti pọ̀ jù. Ọ̀kan ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun, bí ẹni pé ó máa bá mi dá owó ẹ̀. Òmíràn ní kí n yọ áàpù kúrò kí n tún un fi sí i. Mo ṣe ìyẹn. Òmíràn ní kí n wo wáyà, ìyẹn sì ní làákàyè nínú díẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo wo ihò tí mo ki USB bọ̀: ahọ́n inú ẹ̀ dúdú. USB 2.0 nìyẹn, tí ò lè gbé ju 480 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ. Ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ahọ́n tiẹ̀ búlúù, USB 3.0 ni, 5 Gbps, ó fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbé e síbẹ̀. Ó yá lóòótọ́. Ó kàn tètè dé ibi tó ti ń kú ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dojú kọ ìwé ìrántí áàpù náà. Ẹ mọ̀ pé irú áàpù báyìí máa ń ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí: fọ́tò wo ló wà níbo, ọjọ́ wo ni wọ́n yà á, àti àwòrán kékeré kọ̀ọ̀kan tó ti yọ, kó má baà máa ṣí fáìlì ńlá ní gbogbo ìgbà. Bí ìwé yẹn bá bàjẹ́, bóyá torí pé iná lọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, áàpù lè máa ṣe bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Iná sì máa ń lọ nílé wa. Mo yí orúkọ ìwé náà padà kí áàpù má baà rí i mọ́, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti òfo. (Yíyí orúkọ ni mo ní, n kò ní pípa rẹ́. Ẹni tí òjò ti pa rí ni ń gbé agbòòrùn.) Ó bẹ̀rẹ̀ láti òfo, ó kà, ó dákú. Bí mo ṣe ń wò ó báyìí, wọ́n mú iná. Mo fa jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní áì-bẹ́tà-páàsì, mo sì jókòó sínú ariwo ẹ̀, mò ń bú ara mi.

Ìbẹ̀rù ló fa àṣìṣe tó tẹ̀ lé e. Mo ní kí n má fọwọ́ kan ohun tó wà nínú díìsì, kí n da ìdajì fọ́tò sórí fuláàṣì kan ná, kí n wò bóyá ìyẹn á ṣí. Fuláàṣì 128GB kan wà nílé tí ìyàwó mi fi ń gbọ́ orin nínú mọ́tò. Fọ́tò 19,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 5MB, 95GB nìyẹn, ó gbà á. Mo ní kó máa dà á. Ó lé ní wákàtí kan tó ti ń dà á, ó wá kọ̀. Ó ní kò sí àyè. Mo wo fuláàṣì: àyè tó lé ní 40GB ló ṣófo gbalasa.

Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mí lógún débi pé mo gbàgbé Bàbá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo wádìí ẹ̀ dé ìdí, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ṣe fuláàṣì náà sí FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí díìsì, kí rédíò mọ́tò baà lè kà á. Nínú FAT32, fódà kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tí ìlà inú rẹ̀ kò lè ju 65,536 lọ. Bí orúkọ fáìlì bá kúrú bíi ti kámẹ́rà, DSC_0001.JPG, ìlà kan ló ń gbà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá gùn, lẹ́tà 13 péré ló ń wọ ìlà kan, wọ́n á tún fi ìlà kan kún un fún orúkọ ìkékúrú. Èmi, ní tèmi, mo ti fi ọgbọ́n orí mi yí orúkọ gbogbo fọ́tò padà sí Foto_Iranti_Ibadan_Ode_2017_00001.jpg. Ẹ kà á: lẹ́tà 37. Ìlà 3 fún orúkọ gígùn, 1 fún ìkékúrú, 4 nìyẹn. Ẹ fi 4 pín 65,536, ó fi díẹ̀ lé ní 16,000. Ibẹ̀ gan-an ni fuláàṣì ti ní òun ò gbà mọ́. Ilé ṣófo, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àlejò sí ló kún.

Ẹ tún lè bi mí pé kí ló dé tí mo yí orúkọ padà. Ẹ̀bi kámẹ́rà ni. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ìlànà tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà jọ ń lò fún wọn, nítorí náà bó bá ka DSC_9999 tán, DSC_0001 ló kàn. Láàárín ọdún kan ìyàwó méjì máa ń jẹ́ orúkọ kan náà, èkejì á sì fẹ́ gun ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Mo yanjú ìyẹn. Ohun tí mo gbàgbé ni pé orúkọ tuntun tí mo sọ wọ́n ò sọ òde tí a lọ, kò sọ oṣù, kò sọ ẹni tó pè wá. Ẹni tó bá fẹ́ rí Bàbá gbọ́dọ̀ fi ojú ara ẹ̀ wá a.

Nǹkan bí aago kan òru mọ́jú Ọjọ́rú ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fódà méjì sínú díìsì kan náà, mo pè wọ́n ní A àti B, mo kó ìdajì fọ́tò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gba ìṣẹ́jú mélòó kan, torí nígbà tí ẹ bá ń gbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn lórí díìsì kan náà, fọ́tò kì í kúrò níbi tó wà. Àdírẹ́sì ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tún kọ. Fódà A ṣí. Gbogbo 19,000 fọ́tò jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Mo gbé ọwọ́ lé orí. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ "ó ti pọ̀ jù" yẹn kì í ṣe òótọ́, àbí ẹ̀yin náà ò rí i? Fódà 2018 mi ní 29,000 nínú, kò sì fìgbà kan rojọ́. B ló dákú.

Mo pín B sí méjì. Mo pín èyí tó dákú nínú rẹ̀ sí méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹyọ kan nínú 38,000 lọ́nà yìí, ìpín 16 péré ló máa fi dé ìdí ẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀ tí mo rí 16, mo dákẹ́ díẹ̀. Iye ikin tí babaláwo ń kó sọ́wọ́ nìyẹn. Ọmọ ìjọ ni mí o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n èmi àti kọ̀ǹpútà là ń bára wa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì mọ̀ pé oókan tàbí eéjì tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn ní ìlà mẹ́jọ mẹ́jọ tó fi di 256 odù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ṣe ń fi odo tàbí oókan, mẹ́jọ mẹ́jọ, kọ bí pupa, ewé àti búlúù inú fọ́tò ṣe pọ̀ tó: 256 ìpele fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò fi ìyẹn sọ nǹkan kan. Òru ni, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ọkàn èèyàn sì máa ń rìn jìnnà.

9,500. 4,750. 2,375. Bí ó ṣe ń kéré ni ó ń yá sí i. Lẹ́yìn ìpín keje, ó ku 297. Mo fi àwọn fọ́tò náà hàn gẹ́gẹ́ bí orúkọ lásán, mo ń fi ìka tọ̀ wọ́n lọ sísàlẹ̀. Foto_Iranti, Foto_Iranti, Foto_Iranti. Àárín wọn ni ọ̀gbẹ́ni kan dúró sí, tí kò wọ aṣọ ẹbí: BANNER FINAL FINAL.jpg. 41MB.

Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti jáde.

Lọ́dún 2017 mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe báńà. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò fẹ́ ṣe àríyá ìparí ọdún, wọ́n ní kí n bá wọn ṣe èyí tó gùn ní fíìtì 16, tó ga ní 8. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tẹ ìwé pé 300 píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni wọ́n ń lò fún íńṣì kan kí àwòrán tó dán. Mo fi 300. Fíìtì 16 jẹ́ íńṣì 192. Ẹ fi 300 sọ ọ́ di púpọ̀, 57,600 píksẹ́lì nìyẹn ní ìbú. 28,800 ní òró. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. JPEG, irú fáìlì tí wọ́n ti fún fọ́tò pọ̀ sínú ẹ̀ kó lè kéré, dà bíi gàrí. Ife kan péré ni lójú, àmọ́ ẹ jẹ́ kó rí omi. Fọ́tò kámẹ́rà mi jẹ́ 6,000 sí 4,000 píksẹ́lì. 5MB ló jẹ́ lórí díìsì, ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó lè fi hàn ó gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ nínú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á sì gba báìtì 3. Ó di 72MB. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́, pàápàá torí pé kámẹ́rà máa ń ki àwòrán kékeré kan, 160 sí 120, bọ orí fáìlì, tí áàpù ń rí mú láìtú odidi. Báńà mi ò ní irú ẹ̀. Kí áàpù tó lè yọ àwòrán kékeré rẹ̀, ó ní láti tú gbogbo rẹ̀, tí í ṣe nǹkan bí 5GB. RAM kọ̀ǹpútà mi, 4GB. Bí kò bá ti gba inú RAM, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí díìsì, á tún máa kó o bọ̀, iná kékeré á máa ṣẹ́jú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tó ń ka orúkọ nínú áàpù ti sáré síwájú ẹni tó ń tú àwòrán. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tó ń dúró sí kò fi jẹ́ ọ̀kan náà. 38,000 fọ́tò ni gbogbo wa dá lẹ́bi, báńà kan ṣoṣo ló dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀nà tó yá ju èyí tí mo gbà lọ wà ńlẹ̀, mo mọ̀. Bí mo bá ti to fáìlì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tóbi tó, mi ò bá ti rí i. Mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pàápàá, fídíò ló kún òkè, mi ò sì sọ̀ kalẹ̀ wo ẹni tó wà lábẹ́ wọn. Áàpù náà ní ẹ̀bi tiẹ̀ o. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹrù kan ju agbára òun lọ, ṣe ló yẹ kó sọ pé, "Èyí wúwo, mo fò ó," kó máa bá tìyókù lọ. Fáìlì 23 tó gé láàárín nínú fódà yẹn kan náà, tí mo fa káàdì yọ kó tó dà wọ́n tán, ó fò wọ́n. JPEG máa ń fi àmì FF D8 bẹ̀rẹ̀, a sì máa parí pẹ̀lú FF D9. Bí áàpù kò bá rí ìparí yẹn, ó fi àwọ̀ eérú dí ìsàlẹ̀, ó ń lọ. Èyí tó bàjẹ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń fò. Èyí tó pé, tó kàn tóbi, kò mọ ohun tó lè fi í ṣe.

Mo gbé báńà náà jáde, mo da A àti B pọ̀, mo ṣí 2017. Ó ṣí.

Nígbà tí àwòrán bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè rí ojú ẹnikẹ́ni. Aṣọ ẹbí lẹ ó máa rí. Bí mo ṣe ń fà á lọ sísàlẹ̀, ọdún náà ń kọjá lójú mi ní ìpele ìpele: ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ elésè àlùkò, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, funfun àti wúrà, lẹ́yìn náà àdìrẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìjọ kan, lẹ́yìn náà dúdú, dúdú, dúdú, ìsìnkú ẹnì kan tí mi ò rántí mọ́. Ti Màmá Òkè-Àdó, mo rántí ẹ̀ dáadáa: gèlè aláwọ̀ ọsàn, fìlà aláwọ̀ ewé. Oṣù Kẹjọ ni. Mo lọ sí oṣù Kẹjọ, kò sí ọsàn níbẹ̀. Mo lọ sí oṣù Kẹsàn-án. Mo padà sí oṣù Keje. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí.

Òkè pátápátá ni mo ti rí wọn, ṣáájú oṣù Kìíní, lábẹ́ 2013. Bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago kámẹ́rà kejì ti kú lọ́dún yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá yọ bátìrì ńlá ni aago á sì padà síbi tí wọ́n ti ṣe é. Ọmọ tí wọ́n gbé níyàwó lọ́dún 2017, kámẹ́rà mi ní 2013 ni.

Fọ́tò Bàbá jẹ́ 11. Nínú mẹ́rin, wọ́n ń jẹun. Nínú mẹ́ta, wọ́n kẹ́yìn sí mi. Nínú ọ̀kan, ọmọdé kan fi bàlúù bo ojú wọn. Èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, fìlà ti ṣubú lọ sẹ́yìn, ojú ti dí tán, àlàfo eyín wọn kan tí kò sí sì hàn kedere. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá, mo sì fi èyí tí mo rò pé ó dáa jù síwájú: Bàbá jókòó, agbádá bò wọ́n dáadáa, ojú là.

Wọ́n pè mí padà kíá. "Fọ́tò, o ṣeun, Ọlọ́run á bù kún ọ. Àmọ́ ta lẹni tó bínú síwájú yìí? Eléyìí tó ń rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́."

"Ẹ̀yin ẹ rí i bó ṣe rí, Mà? Fìlà..."

"Mo rí i. Ẹni tí mo fẹ́ nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ báńà ní Dùgbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà, kò tíì lè pé ọmọ ogún ọdún.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò. Fíìtì mélòó ni?"

"16 sí 8."

Ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ tó ń lọ síbi tí wọ́n ń kọ iye píksẹ́lì íńṣì kan sí. Ó tẹ 3. Ó tẹ 0.

"Dúró ńbẹ̀. Fi 72 sí i."

"72 kẹ̀? Kò ní ṣú, sà?"

"Orí géètì ni wọ́n máa gbé e kọ́. Ta ló fẹ́ lọ fi imú kàn án?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yí i padà, báńà náà sì ṣí wàrà, ẹ̀rín Bàbá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àlàfo eyín wọn. Ó tò ó, ó kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, ó ní kí n wò ó. Mo ní ó dáa. Ó ní kí n mú fuláàṣì mi wá kí ó fi ẹ̀dà kan sí i fún mi. Mo wo orúkọ tó ti fún fáìlì náà lójú ẹ̀rọ: BABA FINAL FINAL. Fuláàṣì ti wà lápò mi nígbà yẹn, mo sì ní kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù.